Àpótí Tí Ẹ Fẹ́ Kùn Lọ́jọ́ Sátidé

Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ákírà ní Gánà níbí. Mo kí Bọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí lórí fóònù wọn. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìlà kankan. Mo mọ̀ pé àwọn tí kì í ṣe ará ilé wa yóò bá wa kà á. Kò burú, àwọn náà ní ilé.

Ara mi le. Afẹ́fẹ́ òkun ibí ń mú kí irin fèrèsé mi dógùn-ún, àwọn ará ilé sì ń fi èdè wọn kí mi, èmi a rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo máa ń jókòó sẹ́yìn àwọn Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, kí n ṣáà lè gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́ o. Òórùn koríko tí wọ́n ń sun ní Inísà ìlú wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń wù mí.

Ẹ ti bi mí lórí fóònù pé kí ni iṣẹ́ mi gan-an, ẹ ní kí n má tún sọ kọ̀ǹpútà mọ́, torí kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́. Màámi, iṣẹ́ Bàámi ni mò ń ṣe.

Ẹ rántí bí Bàámi ṣe ń di ẹrù sínú bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Òkukù. Wọn kì í gbé ẹrù kankan sókè láìfi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ sí i lára: Inísà ni èyí yóò ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ má gbé nǹkan lé tọ̀hún, ẹyin ni. Àwọn awakọ̀ a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí wọ́n kúkú kọ ọ́ síwájú orí èrò náà, ká lè mọ ẹni tó máa ń bì lọ́nà. Bàámi a ní ẹrù ò lẹ́nu, ẹni tó dì í ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni tèmi. Àwọn kan ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, èmi ló ń dì í fún oníbàárà. Fáìlì inú rẹ̀ pọ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ àbùdá ọ̀kọ̀ọ̀kan: ibi tí yóò wọ̀ sí, bóyá wọ́n lè tún un kọ, àti bí irú rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé kó rọ́pò rẹ̀ ni àbí kó fi í sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbàgbé ọ̀kan. Ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn aránṣọ ń lò ni. Mi ò kọ ọ́ sí i pé kí wọ́n fi fáìlì ìwọ̀n oníbàárà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìyá aránṣọ kan gbé ètò tuntun náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, fáìlì òfìfo tèmi sì jókòó lé ìwọ̀n tó ti ń kó jọ láti ọdún pípẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n pè é fúnra mi, torí èmi ni mo di ẹrù. Ìyá náà ò bú mi. Ó kàn ń béèrè pé ìgbà wo ni yóò padà. Kò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lọ́kàn mi nígbà tí Bọ̀dá pè mí lánàá pé akunlé ń bọ̀ láti Ìkìrun lọ́jọ́ Sátidé, pé ẹ ní kó kun àpótí mi náà, nínú àti lóde, kí ìkán má baà jẹ ẹ́. Bọ̀dá ní yóò dán gbinrin. Lẹ́yìn ìpè náà ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ẹ mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi.

Àpótí yẹn ni Bàámi dì sínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mò ń lọ gbé nílé-ìwé ní Ìkìrun. Ohun tí wọ́n kọ sóde rẹ̀, gbogbo yín rí i: Àdùkẹ́, Ìkìrun. Ìyẹn ti pa rẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ nǹkan sínú ìdérí, mi ò sì rí i títí mo fi ṣí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi lọ́hùn-ún. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣọ́ọ̀kì ni, ìka lásán lè nù ún dànù. Gbogbo ẹrù tí Bàámi dì láyé wọn, ibi tí yóò ti sọ̀ ni wọ́n ń kọ sí i. Tèmi ni wọ́n kọ sí pé: kó padà wálé.

Màámi, kí akunlé kun ògiri, kó kun ilẹ̀kùn. Ẹ bá mi gbé àpótí sí yàrá yín kó tó dé, ẹ má nu inú rẹ̀. Bọ̀dá, ẹ wá ṣọ́ọ̀kì, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sóde rẹ̀: ẹ má kùn ún. Bí ìkán bá jẹ díẹ̀ níbẹ̀, mo fara mọ́ ọn.

Ọlọ́run yóò dá yín sí, ojú yín ò ní ṣókùnkùn títí ẹ ó fi rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ bá mi kí ará ilé gbogbo, ẹ sì kí awakọ̀ Òkukù èyíkéyìí tó bá ṣì rántí Bàámi.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹrù rẹ̀ kò tíì sọ̀,
Àdùkẹ́