Wọ́n Ti Gbé Orin Rẹ Sínú Ètò Àwọn Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí o tó ka ìwé yìí, wá àga jókòó. Kì í ṣe àga onítáyà tí o sọ pé ó ń yí kiri ní ọ́fíìsì yín o, àga tó dúró sójú kan ni kí o wá. Bí omi bá wà nítòsí, mu díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé gbọ́ lórí ìdúró. Ní ọjọ́rú tó kọjá, lẹ́yìn ìròyìn àárọ̀, wọ́n gbé orin rẹ sórí rédíò.

Mo kí ọ. Ìyá rẹ náà kí ọ. Ṣé ara le, ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó ń wọlé, tó ń ṣọ́ ẹni tó ń jáde, tí kì í tòògbé lẹ́nu géètì, kó máa ṣọ́ ọ. Àdúrà tí mo ń gbà láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, mi ò sì tíì rí èyí tó dára jù ú lọ. Nílé níbí, ara wa le, àfi eékún mi ọ̀tún tó ń bá mi jiyàn bí mo bá fẹ́ dìde, àti adìẹ ìyá rẹ tó lọ yé ẹyin sínú bàtà tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ láyé ọjọ́un. Ó ti ń sàba lé wọn báyìí. Ìyá rẹ ní mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bàtà náà títí yóò fi pamọ. Mo gbà. Kò kúkú sí ibi tí mo ń lọ.

Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. O mọ ètò orin tí iléeṣẹ́ rédíò wa máa ń ṣe láràárọ̀ fún àwa tí a ti fẹ̀yìntì. Àwa nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún, wọ́n sì ń sọ ọ́ kedere lójoojúmọ́, pé ti ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ sin ìlú, tí ẹ ti wá jókòó jẹ́ẹ́ báyìí, ni ètò yìí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń darí rẹ̀ ni gbogbo wa ń pè ní Ohùn Oyin. Bó bá ti kí wa, èmi náà á dìde dúró, màá sì kí i padà, pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n, nítorí ẹni tó bá ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti gbọ́dọ̀ dàgbà jù mí lọ. Orin ìgbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́ ni wọ́n ń lò níbẹ̀, orin tí ẹni tó kọ ọ́ ti fẹ̀yìntì, tí ẹni tó fun fèrè rẹ̀ ti fẹ̀yìntì, tí ẹni tó ń jó sí i náà ti fẹ̀yìntì. O sì mọ iṣẹ́ tí bàbá rẹ ṣe jẹun. Ẹnu géètì iléeṣẹ́ omi ni mo dúró sí títí irun mi fi funfun. Ẹni tí kò bá ní ìwé kì í wọlé. Bí o bá rí ènìyàn nínú ọgbà, a jẹ́ pé ìwé rẹ̀ pé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orin ṣe ń wọ inú ètò yẹn.

Ní ọjọ́rú tí mo ń wí yìí, mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé ní pálọ̀. Ìyá rẹ wà nínú yàrá rẹ, níbi tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan, ó dìde, ó lọ bọ́jú, ó wá yí rédíò sókè, bí ẹni tó ń retí àlejò. Kò pẹ́ ni Ohùn Oyin ní orin àtijọ́ kan ló kàn, tí yóò rán àwọn àgbà létí ìgbà kan. Ọmọ mi, orin rẹ ni. Orin tí o fi ń da ilé rú nígbà tí o wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí o máa ń di ìgbálẹ̀ mú bíi máíkì, tí o máa ń fò láti orí bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan fi kán, tí ìyá rẹ á máa pariwo láti ìta pé ariwo yìí ni yóò pa òun. Òun náà ló bọ́ sí gbangba láàárín orin àwa àgbà. Ife tó wà lọ́wọ́ mi já bọ́, ó fọ́. Ìyá rẹ fi aṣọ tó ń rán nu ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ aṣọ oníbàárà ni.

Mo pa rédíò. Ìyá rẹ tún un tàn. Mo bi í pé ṣé ó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, ó ní òun mọ̀ ọ́n. Mo ní wọ́n ti fẹ̀yìn ọmọ wa tì. Ó wò mí títí, ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní rédíò náà ló sọ ọ́ lójú rẹ̀ yìí.

Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí o pè wá kẹ́yìn, o ní ilé lo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, pé ọ̀gá yín ló ní kí ẹ máa ṣe é láti ilé. Mo bá ọ yọ̀ nígbà náà, mi ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń fọgbọ́n yọ ènìyàn nìyẹn. Èmi náà, lọ́jọ́ tèmi, ọ̀gá dì mọ́ mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n máa lọ sílé. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ géètì láti ilé. Àwòrán rẹ tó wà lórí fóònù ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, aṣọ ọ́fíìsì lo wọ̀ níbẹ̀, o de bọ́tìnnì dé ọrùn bí ẹni tí wọ́n ń retí níbì kan. Nísinsìnyí, etí omi lo wà, o na ẹsẹ̀, o fi ìgò dúdú bojú lọ́sàn-án gangan, o sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ò ń sinmi. Tíṣà, aládùúgbò wa tó fẹ̀yìntì ṣáájú mi, gba fóònù náà, ó nà án jìnnà sójú, ó ní kò sí àní-àní, bí ẹni tó ti gba ìwé ìfẹ̀yìntì ṣe ń jókòó nìyẹn, òun náà jókòó bẹ́ẹ̀. Èyí tó wá pa mí jù ni pé lóṣù tó kọjá, o bi ìyá rẹ bóyá bẹ́ẹ̀dì rẹ ṣì wà. Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ní ìlú ńlá, kí ló fẹ́ fi bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣe?

Mo fẹ́ pè ọ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí owó lórí fóònù. Fóònù yìí ń jẹ owó. Mo máa ń ra káàdì sí i ní ọjọ́ Ajé, kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣú, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mo gbé e lọ bá ọmọbìnrin tó ń ta káàdì, mo ní kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibì kan ti lu lára rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní bàbá, wọ́n fi pe ènìyàn ni o. Mo ní ta ni yóò fi pe ènìyàn, nígbà tó jẹ́ pé èmi àti ìyá rẹ nìkan la wà nílé, tí èmi kì í pè, tí ìyá rẹ sì kàn máa ń gbé e lọ sẹ́yìn ilé kó lè gba atẹ́gùn. Ìyá rẹ ló ṣàlàyé fún mi pé fóònù tí kì í gba atẹ́gùn máa ń gbóná. Ọmọbìnrin náà wò mí, ó ní òótọ́ ni, bàbá.

Ni mo bá dìde, mo ní ó di iléeṣẹ́ rédíò. Mo ní kí ìyá rẹ jẹ́ ká jọ lọ, ó ní orí ń fọ́ òun. Mo wọ kóòtù iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n adìẹ wà nínú bàtà, sílípáàsì ni mo wọ̀ sí i. Ohun tí mo rí lẹ́nu géètì wọn, kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn ọ́. Géètì ṣí sílẹ̀ gbàràgàdà. Ọ̀dọ́kùnrin tó yẹ kó ṣọ́ ọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń tẹ fóònù, ó ní kí n máa wọlé, bàbá. Kò béèrè orúkọ mi, kò béèrè ẹni tí mo wá rí. Mo kọ̀, mi ò wọlé. Mo ní kó béèrè. Ó ní kí ni kí òun béèrè. Mo dúró tì í títí mo fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó béèrè, mo dáhùn, ó rò ó wò, ó ní kí n wọlé, ìgbà náà ni mo tó wọlé. Níbẹ̀ ló ti yé mi bí orin ọmọdé ṣe ráyè wọ ètò àgbà.

Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ètò náà kò ju ilé ìdáná wa lọ. Wọ́n lẹ fóòmù mọ́ gbogbo ara ògiri, bóyá kí ẹni tó bá ṣubú má baà fara pa. Mo ti rò pé màá bá àwo orin tí wọ́n tò kan àjà, mi ò rí ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló wà níbẹ̀, wọ́n ní inú rẹ̀ ni gbogbo orin ayé wa wà, wọ́n sì gbé ife tíì lé e lórí. Mo ní Ohùn Oyin ni mo wá rí. Ọmọdékùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó fi nǹkan dúdú bo etí méjèèjì, ṣí etí, ó la ẹnu, ohùn ẹ̀gbọ́n mi sì jáde lọ́fun rẹ̀. Mo di ògiri mú. Ọmọ yẹn ò lè dàgbà tó ìwọ. Òun ni mo ń dìde dúró kí láràárọ̀ pẹ̀lú eékún yìí.

Mo gbé ẹjọ́ mi kalẹ̀. Mo ní ọmọ mi kò tíì tó ẹni tó ń fẹ̀yìntì, ó ṣì ń ríran, ó ṣì ń sáré, kí wọ́n dá orin rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ kí ọ̀rọ̀ tó burú jù báyìí lọ. Ó ní orin wo ni. Mo fẹnu kọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní orin yẹn ti pẹ́ o, bàbá, wọn ò tíì bí òun nígbà tó jáde. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ aago tó lù. Mo ṣírò ọjọ́ orí rẹ lórí ìdúró, mo tún un ṣírò, mo jókòó. Mi ò mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Lójú tèmi, o ṣì di ìgbálẹ̀ mú.

Mo bi í pé orin ta ni wọ́n yọ kúrò kí tìrẹ tó ráyè. Ó wolẹ̀. Ó ní àwọn tó máa ń pè béèrè orin tiwa, wọn kì í pè bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Mo ní bóyá fóònù tiwọn náà ń jẹ owó. Ó ní bóyá.

Mo ní ta ló wá béèrè tìrẹ. Ó ní olùgbọ́ kan ni, ṣùgbọ́n ẹni náà ti bẹ òun pé kí òun má dárúkọ. Ó yé mi kíá. Ọ̀tá ni. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì yín fẹ́ jókòó sórí àga onítáyà yẹn. Ṣọ́ra fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Mo sọ fún Ohùn Oyin pé mi ò ní kúrò níbẹ̀ àfi bó bá ṣèlérí láti kéde lórí rédíò pé wọn ò fẹ̀yìn rẹ tì. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi gbé ife tíì kúrò lórí kọ̀ǹpútà kó má baà dà. Ó ní òun á kéde rẹ̀ ní ọjọ́rú tó ń bọ̀, kí n fọkàn balẹ̀. Bí mo ṣe ń jáde, ọmọ ẹnu géètì bi mí pé níbo ni mo ń lọ. Inú mi dùn díẹ̀.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún ìyá rẹ pé wọ́n máa kéde, ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní ṣé ọmọ rédíò náà ò sọ nǹkan mìíràn. Mo ní rárá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń tún yàrá rẹ ṣe. Ó ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá sí pálọ̀, ó ti kó aṣọ àwọn oníbàárà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi búlọ́ọ̀kù ti ibi tí ẹsẹ̀ ti kán. Mo ní kó má tíì gbà fún ọ̀tá, mo ti ń bá ọ gba iṣẹ́ rẹ padà. Ó ní òun kàn ń gbálẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n orin yẹn ló rọra ń kọ bó ṣe ń gbálẹ̀, orin tó kórìíra. Ìpayà ló mú un bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Mi ò fẹ́ ni ọ́ lára lásìkò yìí. Bí wọ́n bá ti fẹ̀yìn rẹ tì lóòótọ́, mú díẹ̀ fún wa nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ kí ìlú ńlá tó gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bí wọn ò bá sì fẹ̀yìn rẹ tì, mú un nínú owó oṣù. Bátìrì rédíò la fẹ́ rà, nítorí ìyá rẹ kì í jẹ́ kí n pa á mọ́, àti ife, àti aṣọ oníbàárà tó fi nu ojú. Káàdì fóònù náà, kó pọ̀ díẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí fóònù bá jẹ tirẹ̀ tán, á ṣẹ́ ku tèmi. Má fi ránṣẹ́ sí báǹkì o. Ẹ̀rọ tó wà lára ògiri wọn bi mí lọ́jọ́sí bóyá mo tún fẹ́ nǹkan mìíràn, mo ní rárá, mo dúpẹ́, ó gbé káàdì mi mì láìdáhùn. Bí o bá lè mú un wá fúnra rẹ, ìyẹn ni ìyá rẹ ní kí n kọ, ó ní kí n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí rúlà.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n ti géètì mọ́ ọ. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ìwé, kí ìwé rẹ pé. Níbi tí wọn kì í ti í béèrè, kí wọ́n dá ọ mọ̀ lójú. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, máa fi tó wa létí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọ̀gá ẹnu géètì tẹ́lẹ̀.

Dúró ná. Òní ni ọjọ́rú, Ohùn Oyin ti fẹ́ ka ìkéde náà. Ìyá rẹ ní òun ń lọ sá aṣọ lẹ́yìn ilé, bẹ́ẹ̀ kò fọ aṣọ. Màá kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, láìyọ ọ̀rọ̀ kan, kí o lè fi han ọ̀gá rẹ:

ÌKÉDE. Iléeṣẹ́ rédíò yìí ń fi tó gbogbo olùgbọ́ rẹ̀ létí pé kò sí àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti fẹ̀yìn ẹnikẹ́ni tì. Orin tó fa awuyewuye ní ọjọ́rú tó kọjá, olùgbọ́ kan ló béèrè fún un. Olùgbọ́ náà bẹ̀ wá pé kí a má dárúkọ òun, a kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Aránṣọ ni, ìyàwó bàbá tó ń ṣọ́ géètì iléeṣẹ́ omi tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ló ti máa ń pè wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì pè títí a fi rí orin náà. Ó ní ọmọ òun obìnrin ló ni ín, ó ti pẹ́ tí ọmọ ọ̀hún ti wálé kẹ́yìn, ilé sì ti dákẹ́ jù. Nítorí náà, a ó máa gbé orin yìí sáfẹ́fẹ́ ní gbogbo ọjọ́rú, ní àkókò kan náà, títí ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn yóò fi wálé.