Ẹ̀fọ́ Tí Ràfátù Fà Tu

Àdúgbò Ẹ́sà,
Ọ̀fà.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1961.

Kamaldeen Àkànní, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú iṣẹ́. Àdúà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí òtútù Jọ́ọ̀sì má tí ì wọ̀ ọ́ láyà, kí o sì máa rí oúnjẹ gbígbóná jẹ lálẹ́. Ara èmi àti bàbá yín le, a dúpẹ́ fún Ọlọ́run. Ara Ràfátù ìyàwó rẹ náà le. Mo fi èyí ṣáájú kí àyà rẹ má baà já nígbà tí o bá ń ka ìyókù.

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ níbí. Tata ti jẹ tẹ̀tẹ̀ tó wà lẹ́bàá kànga tán, ṣùgbọ́n ilá so púpọ̀. A ń rẹ́ ẹ, a ń sá a, orúnlá yóò pọ̀ lẹ́ẹ̀rùn yìí. Gbọ̀rọ̀ ti fà dé orí òrùlé ilé ìdáná. Bàbá yín ní bí òun bá sùn pẹ́ díẹ̀ lọ́sàn-án, yóò fà dé ọrùn òun.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó kọ̀wé ni pé Ràfátù kúrò nílé ní Sátidé tó kọjá. Èmi ni mo lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sọ pé kó máa lọ. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin.

O mọ ẹ̀fọ́ ṣọkọ mi. O mọ̀ pé n kì í fà á tu. Ọ̀bẹ ni mo fi ń ré orí rẹ̀ kó lè tún rú, ìdí kan ṣoṣo a sì máa bọ́ wa lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ọdọọdún ni mo ń dá ìlà méjì sí lẹ́bàá ògiri tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn, kó gbó, kó yọ òdòdó, kó so. Ibẹ̀ ni irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ ti ń wá. Ràfátù kò mọ èyí. Kwọ́tásì Rélùwéè ní Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹ̀fọ́ tí wọ́n dì tòun ti gbòǹgbò lọ́jà ni ó mọ̀. Ó rí ẹ̀fọ́ tó ti gbó, tí ewé rẹ̀ ti ń pọ́n, ó ní kí òun bá mi tún ibẹ̀ ṣe kí n tó ti òde dé. Tòun ti oyún oṣù méje, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á tu pátá, ó kó o fún ewúrẹ́, ó tún gbá ilẹ̀ rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn wà lẹ́nu ewúrẹ́ nígbà tí mo wọlé. N kò pariwo. Ì bá sàn ká ní mo pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi sọ pé, "Ṣé bó o ṣe sọ oyún èṣí nù náà nìyí?"

N kò ní purọ́ fún ọ pé nǹkan mìíràn ni mo fẹ́ sọ.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá." Ó fọ ọwọ́, ó padà sídìí iná. Ìṣápá ló ń sè. Ó ti bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí kíkan rẹ̀ lè lọ. Ó da ègúsí àti irú sí i, ó tẹ ẹ̀bà, ó gbé ti bàbá yín fún un, ó bo tèmi sílẹ̀. Mo jẹun tán, mo ń pè é kó wá gbé abọ́, ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé kò sí nílé. Ó ti fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìjàgbó, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Ìyá Ọlábámijí.

Bàbá yín fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní ẹnu èmi ló sọ ọ́, ẹsẹ̀ èmi ni yóò lọ. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo ru ilá àti gbọ̀rọ̀, mo gba ọ̀nà Ìjàgbó. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, Ìyá Ọlábámijí ń wò mí, kò bá mi sọ ẹrù. Èmi ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fúnra mi, díẹ̀ sì dà nù. Ó ní, "Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ọ yín pé ká máa ka òkú ọmọ fún ìyá ẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀ níwájú Ràfátù. Ó fẹ́ sá, torí kò rí irú rẹ̀ rí, ni mo bá di etí ìró rẹ̀ mú. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀fọ́ ló bí mi nínú. Lẹ́tà rẹ tí ó fi hàn mí lálẹ́ Jímọ̀ ni, èyí tí o ní kó máa bọ̀ ní Jọ́ọ̀sì wá bímọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wá àwáwí: ẹ jẹ́ ká gbin ẹ̀fọ́ tán, ẹ jẹ́ kójò dá, ẹ jẹ́ ká ká ilá. Jọ́ọ̀sì ni oyún èṣí ti bàjẹ́. Mo rò pé bí mo bá ń fojú mi rí i lójoojúmọ́, nǹkan kan kò ní ṣe é.

Ràfátù ní, "Màmá, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n tí mo bá wà lọ́dọ̀ yín, tiyín ni mo ń rù mọ́ tèmi. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá ọkọ mi."

Mo ní kó máa lọ. Ìyá Ọlábámijí wá gbé ilá wọlé, ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù.

Nítorí náà, yóò wọ ọkọ̀ ojú irin ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Pàdé rẹ̀ ní tésàn, mú aṣọ òtútù dání. Má jẹ́ kó pọn omi. Orúnlá àti ewúro gbígbẹ wà nínú ẹrù rẹ̀. Bí ẹ bá ń se ẹ̀fọ́ tútù, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lórí iná, gbogbo oore rẹ̀ a bá omi lọ. Irúgbìn ṣọkọ, n ó tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò, ìyẹn kò le.

Ìyá Ọlábámijí ni yóò tẹ̀ lé e, òun ni yóò sì wẹ ọmọ. O mọ̀ pé èmi ìyá ọkọ ló yẹ kó wẹ̀ ẹ́. Ràfátù ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀, mo sì ti gbà. Má bá a jà nítorí mi.

Kí Ọlọ́run sọ ọ̀nà rẹ̀ di ìrọ̀rùn. Kó sọ̀ ọ́ láyọ̀, kó fi ohùn ọmọ kún ilé yín, kó má sì jẹ́ kí o rí ìbànújẹ́ èṣí mọ́ láé. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Asiata.

Àfikún: Ràfátù ní òun yóò kọ̀wé pè mí nígbà tí òun bá fẹ́ kí n wá wo ọmọ. Ọjọ́kọ́jọ́ tí ìwé náà bá dé, ọkọ̀ ọjọ́ kejì ni n ó wọ̀. Bí ó bá pẹ́ kó tó kọ ọ́, má rán an létí, má sì bá a kọ ọ́.