Mo To Àwọn Àpótí Ẹ̀rọ Rẹ Bí Ọjọ́ Orí Wọn Ṣe Rí

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, mo sì kí àga tí o ń jókòó lé níbi iṣẹ́, Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ jókòó sí i. Mo fi àdúrà yìí ṣáájú nítorí ohun tí mo gbọ́. Ara màmá rẹ le, ẹnu rẹ̀ ló tilẹ̀ le ju ara lọ. Èmi náà wà, orúnkún òsì nìkan ló ń bá mi jà, tó bá sì di ọ̀sán a ti parí ìjà.

Ìròyìn ilé pọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ láti máa ròyìn ewúrẹ́ àti òrùlé. Nọ́ọ̀sì àgbà sọ fún mi pé ọ̀gá rẹ ti kọ̀wé sí ọ pé kí o wá wí tẹnu rẹ, pé bí àwọn fáìlì ilé ìwòsàn wa kò bá jáde nínú ẹ̀rọ yẹn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí o máa lọ sílé rẹ. Wọ́n ní ó ń sọ pé o kò mọ iṣẹ́. Ìwọ tí o tú rédíò mi palẹ̀ nígbà tí o ò tíì ga tó tábìlì, tí o sì tò ó padà, tó ń sọ̀rọ̀ títí di òní olónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ rédíò kan ṣoṣo ló gbà láti máa gbọ́. Inú bí mi.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mi ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tí o fi lé mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí o wá tún ẹ̀rọ ṣe, o fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lójú nọ́ọ̀sì àgbà, mo sì gbọ́ tí o sọ fún ọ̀gá rẹ lórí fóònù pé bàbá rẹ ló ń ṣọ́ ọ, pé kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kan nǹkan níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé, mo fi ń wẹ̀, mo fi ń sùn. Súwẹ́tà ni mo máa ń wọ̀ kí n tó wọlé, nítorí òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ ènìyàn. Mo rò pé kí fáìlì má baà bàjẹ́ bí ẹja ni wọ́n ṣe ń mú ibẹ̀ tutù, nọ́ọ̀sì àgbà ní rárá, ooru ló máa ń mú ẹ̀rọ náà. Ohun tí kò rìn, tí kò ro oko, mi ò mọ ibi tó ti ń rí ooru.

Àlàyé rẹ kò sì bọ́ lórí mi. O ní gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, láti yàrá dókítà dé ibi tí wọ́n ti ń pín oògùn, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan yìí ni wọ́n ti ń yá fáìlì, wáyà ló so wọ́n pọ̀ mọ́ ọn. O ní inú àwọn àpótí pẹlẹbẹ mẹ́fà tó wà níwájú rẹ̀ ni fáìlì ń gbé, àti pé káàdì kan wà láàárín ẹ̀rọ àti àwọn àpótí náà tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, bí alárinà. Èyí àtijọ́ kú, o fi tuntun sí i. Ó wá ku ètò tí yóò kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe máa bá alárinà tuntun yìí sọ̀rọ̀, èyí tí ẹ ń pè ní dírẹ́bà. Mo bi ọ́ pé mọ́tò wo ló ń wà, o rẹ́rìn-ín, o ní kò wa nǹkan kan, pé láti ìlú ńlá lọ́hùn-ún lo ti máa gba inú wáyà wọlé wá tò ó sí ipò.

Lóòótọ́, nígbà tí iná ara ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, mo mọ̀ pé o ti wọlé. Mo kí ọ kú àbọ̀, o kò dáhùn. Mo ní kò burú, ọwọ́ rẹ dí. Mo jókòó tì ọ́ títí iná pupa fi tàn, o sì jáde. Lọ́jọ́ kejì o tún wá, iná pupa tún ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Àánú rẹ ń ṣe mí, mi ò sì lè na omi sí ọ nínú wáyà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ kí inú rẹ lè dùn díẹ̀. Lọ́jọ́ tí o wá fi káàdì sí i, lẹ́yìn tí o lọ, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì wà ní pípa, mo bá ọ tọ́jú rẹ̀. Mo fa àwọn àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yọ, mo fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ara wọn, o mọ̀ pé ọwọ́ káfíńtà bíi tèmi kò lè rí ohun tó ṣe é fà kó má fà á. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí wọn níkùn. Ọmọ mi, ohun tí mo rí kò dára. Èyí tó kéré jù ló jókòó sókè téńté, èyí tó dàgbà jù ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó gbé gbogbo wọn rù. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo tò ó bẹ́ẹ̀, mo kọ́ ọ nílé. Mo bá tò wọ́n bó ṣe yẹ, ẹ̀gbọ́n lókè, àbúrò tẹ̀ lé e, títí dé orí àbíkẹ́yìn. Ẹnì kan lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn níwájú, mi ò kà á sí, nọ́ńbà kò lè sọ àbúrò di ẹ̀gbọ́n. Nítorí náà kí ọkàn rẹ balẹ̀, kò sí ìwọ̀sí kankan nínú ẹ̀rọ náà mọ́.

Ibí ni mo kọ ọ́ dé lánàá tí wọ́n fi wá pè mí láti ilé ìwòsàn. Fi sùúrù ka èyí tó kù.

Màmá rẹ tẹ̀ lé mi lọ. Àwọn aláìsàn kún orí bẹ́ǹṣì títí dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò pe ẹnikẹ́ni, nítorí dókítà kò mọ oògùn tó fún ta ni. Nọ́ọ̀sì àgbà gbé fóònù sórí tábìlì, ohùn ọ̀gá rẹ sì gba gbogbo yàrá. Ó ní o ti sọ ipò àpótí kọ̀ọ̀kan fún dírẹ́bà náà, láti orí ìkínní dé ìkẹfà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń fèsì pé àwọn tí òun bá ní ipò wọ̀nyẹn kọ́ ni wọ́n sọ fún òun. Ó ní nǹkan méjì ló lè fà á: bóyá o ṣì í kọ, bóyá ẹnì kan ṣí àpótí nípò. O sì ti búra pé kò sí ẹni tó ṣí i nípò, nítorí bàbá rẹ ló wà níbẹ̀. Ó ní a jẹ́ pé ìwọ lo ṣì í kọ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì àgbà wá yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹnì kan fọwọ́ kan àwọn àpótí yìí?"

Kí n tó lanu, màmá rẹ ti fà mí ní aṣọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí mo ti fọ́nnu fún un nílé nípa iṣẹ́ tí mo ṣe. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá jẹ́wọ́, ẹ ti sọ ọmọ yín di òpùrọ́ lójú ọ̀gá rẹ̀. Ẹ wọlé lọ tò ó padà, kí wọ́n rò pé ẹ̀rọ ló tún inú rò."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá tò ó padà ní bòókẹ́lẹ́, wọn yóò ní o ṣì í kọ tẹ́lẹ̀, o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i kọ dáadáa ni, orúkọ ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò sì lẹ̀ mọ́ ọ. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, èmi ni mo sọ ẹ̀rí tí o jẹ́ nípa mi di irọ́. Iwájú kò ṣe é lọ, ẹ̀yìn kò ṣe é padà sí. Mo padà wọlé, mo sún mọ́ fóònù náà kó lè gbọ́ mi dáadáa, mo ní, "Èmi ni. Mo tò wọ́n bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí."

Ọ̀gá rẹ ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, mo sì ṣàlàyé bí mo ṣe bá àbíkẹ́yìn lórí ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ rẹ̀, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè bóyá nọ́ńbà ṣì wà lára wọn, mo ní ó wà. Ó ní kí a pa ẹ̀rọ, kí a tò wọ́n bí nọ́ńbà ṣe wí láti òkè sísàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà ń pe nọ́ńbà, èmi ń ti àpótí wọlé. Nígbà tí a tan án, o wọlé, mo rí ọ. Iná aláwọ̀ ewé tàn lára mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí pupa kankan. Láìpẹ́ mo gbọ́ tí wọ́n pe ẹni àkọ́kọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òtútù náà, mo sunkún. Nọ́ọ̀sì àgbà ní ipò ni wọ́n fi ń mọ ẹni nínú ẹ̀rọ, kì í ṣe ọjọ́ orí. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló gba oorun lójú mi. Ọ̀gá rẹ ní ọ̀rọ̀ kò tíì tán, pé o ṣì máa wá síwájú àwọn àgbà ilé iṣẹ́ yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, láti wá sọ ìdí tí o fi fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ti pè ọ́, fóònù rẹ dún títí ó fi dákẹ́. Bóyá o ń bínú, o lẹ́tọ̀ọ́.

Nítorí náà mo bẹ̀ ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ti àlọ nìkan tó, màmá rẹ ní òun yóò wá ti àbọ̀ tó bá dá òun lójú pé òun ṣì fẹ́ mi padà. Gba ọ̀dọ̀ báńkì fi í ránṣẹ́, àwọn tó fi ọ̀rọ̀ sórí fóònù mi kí mi lọ́jọ́ ìbí. Mo fèsì, mo gbàdúrà fún wọn títí kan àwọn ọmọ wọn, wọn ò ṣe àmín. Mo ti dárí jì wọ́n. Mo fẹ́ wá dúró níwájú àwọn àgbà wọ̀nyẹn, kí n fẹnu ara mi sọ fún wọn pé ohun tí o kọ tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ọwọ́ tó ba iṣẹ́ náà jẹ́ rèé.

Ọlọ́run yóò dá ọ láre. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ kò ní jẹ́ ẹni tí yóò ba tìẹ jẹ́ mọ́.

Bí wọ́n bá bi ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé ta ni arúgbó yìí, bí ojú mi bá ń tì ọ́, sọ fún wọn pé ẹlẹ́rìí rẹ ni, mi ò ní jà sí i. Bí kò bá tì ọ́, o mọ ohun tí mo jẹ́ sí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.