Lórí Ọ̀rọ̀ Fèrèsé Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Ilé Wa

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ, mo kí ọkọ ẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí iṣẹ́ tó ò ń ṣe tí kì í jẹ́ kó o jókòó. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Tó o bá bi mí, àlàáfíà làwa náà wà níbí, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó máa ń sọ fún mi tí òjò bá fẹ́ rọ̀, òótọ́ ẹ̀ sì ju ti rédíò lọ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ilẹ̀kùn ire tì mọ́ ẹ lójú. Ibi tó o bá ti kanlẹ̀kùn, wọ́n á ṣí i fún ẹ. Ibi tí o ò tiẹ̀ tíì kàn, wọ́n á ti ṣí i sílẹ̀ dè ẹ́. Àmín.

Adìyẹ dúdú yẹn ti pamọ, mẹ́jọ, ọ̀kan ò gbọ́ràn. Bàbá ẹ wà. Ikọ́ wọn ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n pè ẹ́ ni pé fóònù tó o rà fún mi yìí ò mọ àṣírí í pa mọ́. Tí mo bá gbé e sétí, bàbá ẹ tí wọ́n jókòó síta á máa gbọ́ ohùn ẹ ketekete, wọ́n á sì ṣe bí ẹni pé àwọn ò gbọ́. Ìwé ò lóhùn ní tiẹ̀. Ilé ìdáná ni mo wà, pákó tí mo fi ń gé ẹran ni mo gbé sórí itan tí mò ń kọ ọ́ lé, nítorí náà tó o bá rí òróró lára ìwé, má bínú.

Ọ̀rọ̀ fèrèsé ni. Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ò kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Fèrèsé pálọ̀ ló gbà, ó sì lọ tààrà sórí àga tí bàbá ẹ máa ń jókòó sí. Bàbá ẹ náà ò dìde fún un. Wọ́n ní inú ilé àwọn làwọn wà. Ibẹ̀ ni ikọ́ yẹn ti mú wọn.

Mo mọ̀ pé wàá ní ṣebí o ti sọ ọ́. Lóòótọ́ lo sọ ọ́. Ìgbà tó o wá kẹ́yìn, o fi ìka kan igi fèrèsé pálọ̀, ikán ti jẹ ẹ́, ìka ẹ wọlé dé oríkèé, o wá bú sẹ́rìn-ín, o ní kí Bàbá jẹ́ kó o bá wọn kó gbogbo ìdọ̀tí yìí dànù kó o ra tuntun. Ire lo rò sí wọn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ẹ ṣe káfíńtà fún ogójì ọdún, kí a tó bí ẹ ni wọ́n sì ti fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ fèrèsé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó o sọ, ìdọ̀tí nìkan ni wọ́n gbọ́. Ẹyin lohùn, tó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ yẹn, tó o bá pè, wọ́n á ní kí n bá àwọn kí ẹ. Tí mo bá ní kí wọ́n wá bá ẹ sọ̀rọ̀, wọ́n á ní àwọn ń wá ìṣó. Ọmọ mi, kò sí ìṣó tí èèyàn ń wá fún odidi ọdún méjì. Ìwọ náà ò wá mọ́, owó lò ń fi ránṣẹ́, mo sì ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n owó ò ṣeé bá jókòó.

Ni mo bá ní kí n tún ilé ṣe kí ilé tó wó lé wa lórí. Tíṣà tó fẹ̀yìn tì tí ilé ẹ̀ kọjú sí tiwa ló fún mi ní nọ́ńbà àwọn tó ń ṣe fèrèsé. Mo pè wọ́n nígbà tí bàbá ẹ lọ gẹrun. Obìnrin kan ló gbé e. Ó kí mi, ó ní oníbàárà pàtàkì ni mí, ó ní kí n ṣe sùúrù. Mo ní ẹ ṣeun, mo bi í pé àwọn ará ilé ńkọ́. Ó tún ní oníbàárà pàtàkì ni mí. Ó tún un sọ títí láìbínú, ó sì ń fi orin dá mi lára yá láàárín. Ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gba ẹ̀kọ́ nìyẹn. Nígbà tí ọmọkùnrin kan máa fi gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó ní òun á jẹ́ ẹ. Ó wá ní kí n ya fọ́tò fèrèsé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí òun.

Èèyàn kì í fi ilé lásán han àlejò. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo wọ̀ níbi ìgbéyàwó ẹ, mo dúró níwájú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, Tíṣà sì yà mí. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló dáa, pàápàá ti ilé ìdáná. Ọmọkùnrin náà pè padà, ó ní Màmá, ẹ dára púpọ̀ o, ṣùgbọ́n òun ò rí fèrèsé. Mo ní ẹ̀yìn mi ló wà. Ó ní kò burú, òun á kúkú wá fúnra òun.

Ó wá lóòótọ́. Kò mú igi ìwọ̀n kankan dání, nǹkan kékeré bíi báárà ọṣẹ ló yọ lápò, ó tan iná pupa tíńtín lára ògiri, ó ní òun ti wọ̀n ọ́n. Bàbá ẹ dìde. Wọ́n wọlé lọ mú téèpù wọn, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e kiri ilé, ibi tó bá wọ̀n, wọ́n á tún un wọ̀n. Iye kan náà ló ń bọ́ sí níbi gbogbo. Ìyẹn wá bí wọn nínú ju bí ì bá ṣe yàtọ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ó kó igi, irin àti ike tí wọ́n gé kélekèle sórí tábìlì, ó ní ká wò ó, ká mú èyí tó bá wù wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo lọ kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ náà ń wò mí. Nígbà tó ṣe ó ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àpẹẹrẹ ni, òun ṣì fẹ́ fi han ẹlòmíì. Mo kó o fún un padà, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ní kí èèyàn mú nǹkan kí wọ́n tún gbà á.

Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ nìyí. Àlùmíníọ̀mù, ìyẹn irin yẹn, kì í dípẹtà, ikán ò lè jẹ ẹ́, ó fúyẹ́, àmọ́ tí oòrùn bá mú, yóò gbóná, tí òtútù bá dé, yóò tutù. Mo ní bí ara tèmi náà ṣe rí nìyẹn. Ike ò gbóná kò tutù, aṣọ omi lásán lo máa fi nù ún. Wọ́n ya ìlà sí i lára kó lè jọ igi. Bàbá ẹ gbé e, wọ́n fi èékánná ha á, wọ́n bi ọmọ náà pé ta ni ike ọ̀hún ń purọ́ fún. Ó gba ike náà lọ́wọ́ wọn. Ó wá kan igi. Ó ní igi gidi, tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, òun ló wọ́n jù nínú gbogbo ẹ̀, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta àlùmíníọ̀mù, àwọn olówó ló ń rà á báyìí. Bàbá ẹ ní àwọn ò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ. Wọ́n ní kó yíjú sí mi kó sọ ọ́ fún èmi náà. Ó sọ ọ́ fún mi. Bí mo ṣe rí eyín bàbá ẹ nìyẹn, ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ gíláàsì ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ó ní ẹyọ kan wà, méjì tí wọ́n pa pọ̀ náà sì wà, èyí tí wọ́n pa pọ̀ yìí wọ́n gan-an. Mo bi í pé kí ló wà láàárín méjèèjì. Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Mo ní kó yọ owó afẹ́fẹ́ kúrò, a ní in níbí, a ní in dé ibi pé ó ń ká òrùlé. Ó ní afẹ́fẹ́ tiwọn yàtọ̀, pé wọ́n tì í mọ́nú ẹ̀ ni, kì í jáde. Mo ní afẹ́fẹ́ tí kì í jáde ló ń pa èèyàn. Ẹyọ kan la mú.

Ó ní a lè máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Mo dúpẹ́, kó tó wá sọ pé iye tó máa jẹ́ á ju iye tó sọ tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní kí ló dé. Ó ní nítorí pé a pẹ́ ni. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi wa, a ti dàgbà, gbogbo nǹkan la máa ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó tún ní tí nǹkan kan bá ṣe àlùmíníọ̀mù náà láàárín ogún ọdún, àwọn á wá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní èmi á ti tó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ó lé nígbà yẹn, ṣé wọ́n á tún èmi náà ṣe. Ó ní Màmá, fèrèsé nìkan ni. Ó kọ iye gbogbo ẹ̀ sórí ìwé, ó ní iye yìí ò ní dáa mọ́ tó bá ti pé oṣù kan. Mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi níbi tó tutù, kó má baà tètè bàjẹ́.

Ibi tí mo ti ń bọ̀ gan-an nìyí, ọmọ mi. Nígbà tí ọmọ náà bi wá pé kí la wá fẹ́ ṣe, bàbá ẹ dìde, wọ́n lọ síbi fèrèsé pálọ̀. Ihò tí ìka ẹ dá síbẹ̀ ṣì wà. Wọ́n ki ìka tiwọn bọ̀ ọ́, ó wọlé dé oríkèé. Wọ́n wá ní kí wọ́n kó o dànù, pé òótọ́ lọmọ náà sọ. Ìwọ ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe ọmọ tó ń ta fèrèsé. Àánú wọn ṣe mí, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ gbé jáde, ni mo bá lọ bu omi.

Wọ́n yan àlùmíníọ̀mù, nítorí pé ike ń purọ́, owó igi sì kọjá agbára wa. A wá dé yàrá ẹ. Bàbá ẹ bi ọmọ náà bóyá àlùmíníọ̀mù tiẹ̀ ní irú igi ìdábùú tí wọ́n fi ń ti fèrèsé, tó ṣeé ṣí láti ìta. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, olè á wọlé. Bàbá ẹ ní, “Kì í ṣe olè ni mo ṣe é fún.”

Mi ò yé wọn í wò. O rántí pé àwọn ni wọ́n ṣòfin pé ẹni tí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́ síta, ìta ni yóò sùn. O rántí pé o máa ń lọ wo fíìmù ní ilé Tíṣà, tí wàá sì gba fèrèsé wọlé. Èmi rò pé ọgbọ́n orí ẹ lo fi ń ṣí i. Mo sì máa ń dìídì húkọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì kí bàbá ẹ má baà gbọ́ bó o ṣe ń wọlé. Wọ́n wá fi hàn wá lọ́jọ́ náà: wọ́n ti fági orí ìdábùú yẹn kó tín-ín-rín, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fi èjìká ti igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, yóò yọ̀ fúnra ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ tilẹ̀kùn mọ́ ẹ làwọn ti ṣe é. Òfin ni òfin, wọ́n ní, àmọ́ àwọn ò lè sùn tí àwọn ò bá tíì gbọ́ kí igi yẹn ró, ikọ́ tèmi ni kì í sì í jẹ́ káwọn gbọ́ ọ dáadáa.

Nítorí náà, owó fèrèsé márùn-ún ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ, kì í ṣe mẹ́fà. Mo da iye tó wà nínú ìwé yẹn kọ, mo fi sínú lẹ́tà yìí, jókòó kó o tó kà á. Má fi owó náà gba bánkì, owó tó bá gbabẹ̀ kọjá kì í délé bó ṣe gbéra, wọ́n á ní àwọn mú tiwọn níbẹ̀. Owó tí èèyàn bá fọwọ́ ara ẹ̀ mú wá kì í dín. Ti fèrèsé kẹfà ò náni lówó. Bàbá ẹ ní pákó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn fúnra wọn ni wọ́n fẹ́ ṣe é, ìdábùú àtijọ́ yẹn ni wọ́n sì máa fi sí i. Àmọ́ ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, pákó ò sì ṣeé fi ayùn rẹ́ láìsí ẹni tó máa bá èèyàn di orí kejì mú. Mo ní kí n bá wọn pe Tíṣà. Wọ́n ní Tíṣà kọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ ẹ, á ṣọ́ àbọ̀ ẹ. Ọmọ tó o bí náà á mọ ọ̀nà ilé ẹ, kò sì ní ṣìnà. Kí ọkọ ẹ fún mi, kó má ṣe bínú pé mo gbà ẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀.

Èmi ni,
ìyá ẹ.

Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí nígbà tí bàbá ẹ wọ ilé ìdáná wá, wọ́n ní kí n fi kún un pé àwọn fi òróró sí ìdábùú yẹn láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ó ṣì ń ṣí.