Nọ́ọ̀sì Tó Kọ Kọ́kọ́rọ́: Ìgbésí Ayé Olóògbé Dèbórà Ọláṣùmbọ̀ Adégbóyèga (1957–2025)

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1957 ni Ọlọ́run fi Dèbórà Ọláṣùmbọ̀ Àṣàkẹ́ ta agbo-ilé Ọ̀dọ̀fin ní ìlú Ìgbájọ lọ́rẹ. Bàbá tó bí wọn ni Olóògbé Jeremáyà Oyèwùmí, kátíkíìsì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ìyá wọn ni Olóògbé Rákẹ́ẹ̀lì Àjíkẹ́, tó ń ṣe àdín tà, tí àwọn ará ilé máa ń sọ pé ohùn rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá. Ohùn ìyá yẹn ni Màmá wa jogún. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn ní láti sún mọ́ wọn, ẹni tó bá sì sún mọ́ wọn kì í kábàámọ̀.

Ọdún 1963 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ orin ìyìn àti ìṣirò, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì ti kọ́ bí a ṣe ń fi sùúrù sọ òtítọ́. Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí wọn ní ọdún 1977. Ìgbájọ àti Òṣogbo ni wọ́n ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí wọ́n fi kúrò ní Nàìjíríà. Títí di òní, àwọn tó ti hu ewú wà tí wọ́n ń pè wọ́n ní Tíṣà.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1982, wọ́n ṣe ìgbéyàwó mímọ́ pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Cornelius Adégbóyèga, ọmọ Ọ̀tan-Ayégbajú, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ káfíńtà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí Màmá ti ń kọ́ni. Bàbá fẹ́ràn láti máa sọ pé àga tí àwọn kàn fún kíláàsì Màmá ni àwọn fi fẹ́ wọn. Màmá á sì fèsì jẹ́jẹ́ pé, “Ẹsẹ̀ kan àga ọ̀hún kúrú, Dádì Bísọ́lá.” Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta kẹ́ wọn.

Ní ọdún 2003, fíísà lọ́tìrì gbé ìdílé náà dé Houston. Bàbá rí iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní La Porte. Màmá ń lọ láti ilé dé ilé ní agbègbè Uptown, wọ́n ń wẹ àwọn arúgbó, wọ́n ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé iṣẹ́ yìí wọ àwọn lára, àfi bíi pé òun ni wọ́n ti ń wá láti ìgbà èwe. Ni wọ́n bá padà sí ilé-ẹ̀kọ́, àwọn tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Bísọ́lá, àkọ́bí wọn, ló máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè nídìí tábìlì oúnjẹ. Bí wọ́n bá ṣi ìdáhùn, Bísọ́lá á ní, “Tíṣà, ẹ na ọwọ́ yín síta,” gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Ní ọdún 2007 wọ́n gba ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì tí àwọn ará Texas ń pè ní LVN, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Rosenberg.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn tí kò sí nídìí iṣẹ́ náà. LVN ni nọ́ọ̀sì tó sún mọ́ ibùsùn aláìsàn jù lọ: òun ló ń fúnni ní oògùn, òun ló ń wẹ egbò, òun ló ń mọ̀ pé Bàbá kan kò jẹun dáadáa lónìí. Àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní RN ló kàwé jù wọ́n lọ, owó tiwọn sì pọ̀ jù. Láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà ní ìlú yìí, LVN dà bí ibùdókọ̀. A máa ń retí pé kí ènìyàn dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ọkọ̀ RN wá gbé e lọ. Ọdọọdún ni wọ́n ń bi Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, “Ma, ìgbà wo lẹ máa lọ ṣe RN gan-an?” Ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa ń rí gbà: “Ẹ máa gùn ún lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn tí mò ń tọ́jú wà nísàlẹ̀ níbí.”

Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ fún arúgbó ní oògùn, wọ́n á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n débẹ̀, ẹnì kan rò pé wọ́n ṣubú, ó sì sáré tẹ agogo. Nígbà tó yá, àwọn arúgbó òyìnbó gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ láti gbé wọn dìde, wọ́n á ní, “Dìde, ọmọ mi.”

Ní ọdún 2022, ilé ìtọ́jú náà bọ́ sí ọwọ́ olówó tuntun, wọ́n sì gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Andrew wá ṣe ọ̀gá. Andrew kì í ṣe ènìyàn burúkú, àmọ́ àṣẹ tó gbé dání korò. Ilé iṣẹ́ náà yọ àfikún owó tó ń san fún nọ́ọ̀sì tó bá ń ṣe olórí ní ìrọ̀lẹ́, ó sì fi iṣẹ́ olórí sílẹ̀ lọ́rùn wọn. Ó tún pààrọ̀ káàdì tí gbogbo LVN ń fi kọ́ àyà. Ti Màmá tẹ́lẹ̀ ní “Nọ́ọ̀sì Adégbóyèga.” Tuntun ní “Deborah,” àti lábẹ́ rẹ̀, “Alátìlẹ́yìn Ìtọ́jú.” Ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ di Deborah lẹ́nu àwọn tí Inúolúwa, àbígbẹ̀yìn wọn, dàgbà jù. Wọ́n lọ bá Andrew sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù, wọ́n tún padà lọ. Ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i.

Òfin iṣẹ́ náà ni pé nọ́ọ̀sì nìkan ló gbọ́dọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn. Nígbà ìpààrọ̀ iṣẹ́ lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì tó ń lọ á fà á lé nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Bí ẹni tó ń bọ̀ bá ti gbà á, ọrùn rẹ̀ ni gbogbo aláìsàn wà nìyẹn. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, Hàlímàt, ọmọ Ìlọrin, LVN ẹlẹgbẹ́ wọn, na kọ́kọ́rọ́ sí Màmá bó ti máa ń ṣe. Màmá kó ọwọ́ sẹ́yìn.

“Ẹ gbà á o, Màmá, ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, bá mi pe Andrew.”

Andrew dé. Màmá kí i tán, wọ́n ní, “Òfin ní nọ́ọ̀sì ló gbọ́dọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ yìí. Bá mi ka àyà mi. Ṣé nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀?”

“Deborah, jọ̀ọ́. O mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni ẹ́.”

“Èmi mọ̀. Àyà mi ni kò mọ̀. Ọjọ́ tí òun àti owó iṣẹ́ mi bá mọ̀, màá gbà á.”

Ojú Andrew pọ́n. Hàlímàt fi kọ́kọ́rọ́ padà sápò, ó ní òun ò tíì lọ síbì kankan, òun á dúró ti àwọn aláìsàn. Nítorí náà, kò sí arúgbó kan tí oògùn rẹ̀ pẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Andrew ní kí Màmá máa lọ ilé, ó sì fi kún un pé ilé iṣẹ́ lè fi ẹjọ́ wọn sun àwọn tó ń fúnni ní ìwé-àṣẹ.

Ẹ̀rù bà wá. Bí ìwé-àṣẹ yẹn bá lọ, kì í ṣe iṣẹ́ Rosenberg nìkan ló lọ. Màmá ò tún ní jẹ́ nọ́ọ̀sì níbikíbi mọ́. Tófúnmi, ọmọkùnrin wọn, pè láti ibi iṣẹ́: “Mummy, ẹ kàn sọ pé sorry, kó parí. Badge lásán ni now.”

“Tófúnmi, bí mo bá tọrọ àforíjì, kí ni kí n sọ pé mo ṣe?”

Bàbá ní tiwọn ò wá ìdáhùn. Ẹlẹ́bẹ̀ ni wọ́n wá. Ní ilẹ̀ wa, bí ọ̀gá bá bínú sí ènìyàn, àgbà ni a máa ń rán lọ bẹ̀ ẹ́. A kì í dúró bi ara wa pé ta ló jẹ̀bi. Láìsọ fún Màmá, Bàbá lọ ké sí Wòlíì Ọlọ́runyọmí, olùṣọ́ ìjọ Aládùúrà wa, àti Alhaji Kamaldeen, ọkọ Hàlímàt. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba freeway lọ sí Rosenberg: Bàbá nínú agbádá sányán, Alhaji nínú jalamíà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, Wòlíì nínú sùtánà funfun láìwọ bàtà.

Bí Andrew ti yọ sí ìyàrá àlejò, Bàbá àti Alhaji dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wòlíì nìkan ni kò dọ̀bálẹ̀, nítorí aṣọ Olúwa wà lọ́rùn wọn. Wòlíì dúró tì wọ́n, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Andrew ò rí irú ẹ̀bẹ̀ báyìí rí. Ohun tó rò ni pé àwọn ọmọ Áfíríkà ti wá dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà òun láti fi ẹ̀hónú hàn nítorí ọ̀rọ̀ àwọn LVN.

“Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́?” ó béèrè.

Bàbá dáhùn láti ilẹ̀ pé, “Ohun tí ẹ bá lè ṣe, sà.”

Alhaji fi kún un pé, “A ò ní dìde o, àfi bí ọ̀rọ̀ yìí bá tán nínú yín.”

Ìyá arúgbó kan tó ń gbọ́ wọn ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ wọn. “Ṣé nítorí nọ́ọ̀sì mi tó máa ń kúnlẹ̀ ni? Èmi náà ò kúrò níbí.” Àwọn arúgbó mìíràn tẹ̀ lé e. Andrew sáré fóònù sí olú ilé iṣẹ́: “Wọ́n ti dùbúlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní dìde. Àwọn aláìsàn ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan wà níbẹ̀ tí kò wọ bàtà!”

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olú ilé iṣẹ́ pe Màmá, Hàlímàt àti àwọn LVN yòókù sí ìpàdé. Màmá sọ tẹnu wọn ní ohùn ìyá wọn, àwọn ọ̀gá náà sì ní láti sún àga mọ́ wọn kí wọ́n tó gbọ́. Kí ìpàdé tó tú, ilé iṣẹ́ náà gbà láti dá àfikún owó ìrọ̀lẹ́ padà fún gbogbo LVN, ó kọ ọ́ sínú àdéhùn, ó sì dá “Nọ́ọ̀sì” padà sí àyà wọn. Kò fi ẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn níbì kankan. Andrew fúnra rẹ̀ ló dúró sí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ tí Màmá padà: “Nọ́ọ̀sì Adégbóyèga, ẹ káàbọ̀.” Gbogbo ilé wa ló mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Hàlímàt wá tú àṣírí ẹ̀bẹ̀ tí Bàbá lọ bẹ̀ fún Màmá. Màmá tí kì í pe ọkọ wọn lórúkọ pariwo láti kíṣìnì pé, “Cornelius! Ẹ lọ bá mi bẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí mi ò dá?” Bàbá ní, “Ẹ má bínú, Àṣàkẹ́. Ṣebí a jàre.” Màmá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Wọ́n fi ẹ̀yẹ fẹ̀yìn tì ní ọdún 2024. Nínú ìjọ, wọ́n jẹ́ Ìyá Ẹgbẹ́ Aláàánú, wọ́n sì ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì, lọ́fẹ̀ẹ́, ní yàrá ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀ fún Màmá. Wọ́n yàn láti wà nílé dípò ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n rán wá máa tọ́jú wọn ni Ìlérí, ọmọ Ìbàdàn, tí kò tíì pẹ́ ní Houston. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, ma, LVN lásán ni wọ́n rán sí yín o.” Màmá tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ lajú. “Ta ló sọ fún ẹ pé lásán ni? Kí lorúkọ ẹ?”

“Ìlérí, ma.”

“Nọ́ọ̀sì Ìlérí, wá bá mi wo ẹsẹ̀ mi.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án, láìsí ìrora, pẹ̀lú ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ Bàbá, Màmá sùn. Ọkàn wa bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́. Wọn ò jẹ ìyà, wọn ò sì lọ pẹ̀lú ẹjọ́ nínú.

Wọ́n fi ọkọ wọn, Diakoni Cornelius Adégbóyèga, sílẹ̀ sáyé lọ. Àwọn ọmọ wọn, Bísọ́lá, Tófúnmi àti Inúolúwa. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Delight, Olúwaṣeunfúnmi àti Lará. Hàlímàt, tí kò yàtọ̀ sí ọmọ. Àti ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tí wọ́n tọ́ sọ́nà.

Nígbà tí àwọn tó wá gbé Màmá dé lọ́jọ́ náà, wọ́n béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé ta ló wà nídìí aláìsàn. Ìlérí ló dìde, ó sọ ọ́ ketekete pé, “Èmi ni. Èmi ni nọ́ọ̀sì wọn.”

Màmá, ẹ gbọ́ ọ. Ilẹ̀ á fúyẹ́ lára yín. Ẹ sùn re, Nọ́ọ̀sì Adégbóyèga.