Epo Onílù Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Igbódìgò, lọ́nà Òkìtìpupa,
Ọjọ́ Ẹtì, oṣù kẹta, 1996.

Tiwalọlá ọmọ mi,

Ṣé o wà dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun, àbí ariwo lò ń jẹ ní Èkó? Àwa níbí kò burú, àfi orúnkún ìyá rẹ tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, àti ẹnu rẹ̀ tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ àárẹ̀. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ adìẹ lọ́wọ́ àṣá kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Wàá bá wa láyọ̀, àwa náà á rí ọ pẹ̀lú ọkọ gidi, kì í ṣe èyí tó fi yẹtí sétí. Ṣe àmín rẹ sókè, kí n gbọ́ ọ láti ibí.

Ìyá rẹ ló ní kí n kọ lẹ́tà yìí. Ó jókòó tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹja lórí iná. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ojú mi, bí mo bá ti rẹ́rìn-ín díẹ̀, á ní kí ni mo tún kọ síbẹ̀. Nítorí náà, ojú ẹni tó ń sìnkú ni mo fi ń kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ni pé kí o kó ẹrù rẹ, kí o máa bọ̀ wálé. Ọ̀gá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti bá ọ rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Iṣẹ́ náà ni kí o jókòó ti fáìlì kí ó má bàa sá lọ. Ìyá rẹ ní bí o kò bá dé kí oṣù yìí tó tán, ọmọ ẹlòmíràn ni wọn á fún, òun á sì bínú sí ọ dé sàréè. Ó ní ojú ń ti òun láti máa sọ pé ọmọ òun tó lọ sí yunifásítì ń ta ariwo.

Mo gbèjà rẹ díẹ̀. Mo ní ṣebí o kọ̀wé pé ilé iṣẹ́ rẹ ń gba orin àwọn ọ̀dọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ẹ sì ń gbé e jáde fúnra yín, pé indipẹ́ńdẹ́ntì ni yín. Mo bi Tíṣà Adésànyà, ará Èkìtì tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ kò ní ọ̀gá lórí. Ẹ kú oríire òmìnira o. Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣọ́ra, ó pẹ́ tí àwa ti gba tiwa, ẹ̀rọ omi tí wọ́n rì síwájú ilé wa kò sì tíì tọ̀ rí.

A gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tí o fi rán awakọ̀ tó ń ná Èkó. Ìlù yẹn dára. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà lórí rẹ̀, ta ló ṣẹ̀ ẹ́? Kò kọrin, kò sunkún, ó kàn ń rojọ́ bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Kí ó mí. Mildred, olórí akọrin ìjọ ìyá rẹ, gbọ́ ọ láti ojú ọ̀nà, ó sáré wọlé, ó dojú bolẹ̀, ó ní ẹ̀mí ló gun ọmọ náà, èdè àjèjì ló ń fọ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Ó ní Olúwa wí pé kí ìjọ dá aṣọ funfun tuntun fún ẹgbẹ́ akọrin. Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ náà ń sọ, ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí n ó já aṣọ gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run?

Ìyá rẹ ní kí n wá jẹun, púpurú ti délẹ̀. N ó parí rẹ̀ lọ́la.

Ọmọ mi, ọ̀la ti dé, lẹ́tà yìí kò sì lè parí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́.

A fọ epo lónìí. O mọ bí a ṣe ń ṣe é, àwọn obìnrin á wọ kòtò, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn tí a ti sè, Olúsọjí á jókòó sétí kòtò, á máa dá orin kí ẹsẹ̀ wọn lè máa lọ. O sì mọ̀ pé bí epo bá jáde, gálọ́ọ̀nù kékeré kan jẹ́ ti olórin, bí kò tilẹ̀ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ẹyìn. Bí bàbá mi ṣe ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n òtútù ti mú Olúsọjí lọ́fun, ohùn rẹ̀ ń dún bí ti ọ̀pọ̀lọ́ tí ẹnì kan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn obìnrin wúwo, ẹyìn sì ń tutù, ẹyìn tó bá sì ti tutù, ẹ̀bẹ̀ ni èèyàn á máa bẹ̀ ẹ́ kó tó mú epo wá. Ni mo bá lọ gbé rédíò, mo ki kásẹ́ẹ̀tì rẹ bọ̀ ọ́.

Tiwalọlá, ẹsẹ̀ gbà á! Onílù yẹn kò nu òógùn, kò bèèrè omi, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣì lẹ́ẹ̀kan. Bí Olúsọjí bá ń kọrin, á dúró, á wúkọ́, á ròyìn ìyàwó rẹ̀, ẹsẹ̀ á ti sinmi. Eléyìí kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti họra. Nígbà tí ojú kìn-ín-ní kásẹ́ẹ̀tì náà tán, tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ wẹ́lo, àwọn obìnrin pariwo pé onílù ti dákú, ọ̀kan ti ń wá omi tútù. Mo yí i sí ojú kejì, ó jí, wọ́n dúpẹ́.

Oòrùn kò tíì kanrí tí epo fi jáde. Olúsọjí wá nawọ́ sí gálọ́ọ̀nù. Àwọn obìnrin ní ó tì o, ẹni tó lùlù ló lepo. Olúsọjí ní rédíò kì í jẹ ọbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé o ti kọ̀wé pé kò sí onílù kankan, pé ẹ̀rọ kan ni ẹ ń tẹ̀ tó ń lu ara rẹ̀. Ṣe ni wọ́n fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá lọ́jà ń dẹnu kọlẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀rọ wo ló wá mọ ibi tí ìbàdí èèyàn wà? Èmi náà rò ó, mo rí i pé irọ́ lò ń pa fún mi. O ti onílù mọ́lé síbì kan ní Èkó, ò ń jẹ iṣẹ́ rẹ̀. A kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣílẹ̀kùn fún un. Jẹ́ kó sùn.

Ta sì ni olórí àwọn tó ń fi mí ṣẹ̀sín nínú kòtò? Ìyá rẹ. Ìyá rẹ tí orúnkún kò jẹ́ kó kúnlẹ̀ gbàdúrà láti Kérésì! Ó ká ìró rẹ̀ dé ibi tí n kò rí láti ìgbà tí a ti bí ọ, ó wọ kòtò, òun ló sì jáde kẹ́yìn.

Mo bi í pé ṣé kí n parí lẹ́tà náà bó ṣe wí, pé kí o wá ṣọ́ fáìlì. Ó lọ fọ ẹsẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, gálọ́ọ̀nù olórin ló gbé lọ́wọ́, ó ti fi ewé dí i lẹ́nu. Ó ní awakọ̀ á gbé e wá, kí n kọ ọ́ pé ti onílù ni, kí o má fi din dòdò. Mo ní iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wá ńkọ́? Ó ní kí wọ́n fún ọmọ Mildred, pé ìyẹn jọ ẹni tó lè jókòó.

Olúsọjí ṣì ń bínú. Mo bu epo fún un lára tèmi, ó gbà á, kò dúpẹ́. Ó ní bí ọ̀fun òun bá là, kí o wá gba ohùn òun sórí ìlù yẹn, kí ọmọ tó ń rojọ́ yẹn lè mọ ohun tí à ń pè ní orin. Gba ìmọ̀ràn mi, gbà á, kó lè yé wá jókòó níwájú ilé mi.

Fi owó bátìrì ránṣẹ́, orí ojú kejì ni ti inú rédíò kú sí. Fi owó áṣáà mi sí i, àti owó ìpara orúnkún ìyá rẹ, ó ti wú báyìí, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹsẹ̀ kejì lu ilẹ̀ bó ṣe jókòó yìí. Ohun tí o dáwọ́ lé kò ní tutù mọ́ ọ lọ́wọ́. Ibi tí o bá ti ń wá epo, o kò ní bá omi pàdé. Ẹni tó bá fẹ́ jọ̀gá lé ọ lórí, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti padà.

Èmi ni bàbá rẹ tó lẹ́wà ju ọ lọ,
Ọdúnlámì.

Mo ti fẹ́ lẹ̀ ẹ́ pa, ìyá rẹ ní kí n ṣí i. Ó ní kí n kọ ọ́ bí òun ṣe wí i gan-an, kí n má fi tèmi kún un: máa bọ̀ wálé. Nígbà ọdún Àjíǹde. Kí o mú onílù dání, òun ti tẹ́ ẹní fún un.