Má Fi Mí Ṣe Àwáwí fún Ọ̀gá Rẹ

Abúlé Apẹja,
Lẹ́yìn Gbaji,
Àgbádárìgì,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún, 2025.

Moyọ̀sọ́lá, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Ajíbọ́lá ọkọ rẹ. Ṣé ikọ́ Ìyanuolúwa ọmọ yín ti fi í sílẹ̀? Ẹsẹ̀ tìrẹ ńkọ́, ṣé wíwú rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀? Àwa níbí wà. Ẹja kò fi bẹ́ẹ̀ wọ àwọ̀n, ṣùgbọ́n a ń rí jẹ. Comfort aránṣọ ló ń bá mi kọ èyí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi oyin sí ọ̀rọ̀ mi.

Òun náà ló ka ìwé méjèèjì tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ fún mi: èyí tó o kọ sí mi, àti èyí tó o fẹ́ fi kọṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. O dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. O ṣàdúrà fún un. O wá ní torí pé bàbá rẹ ń ṣàìsàn lo ṣe ń lọ. Ta ló ń ṣàìsàn?

Mo mọ ìdí rẹ̀. Àwa la kọ́ yín pé ẹni tó bá ń kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá a máa dúpẹ́, kó má baà ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ní kí Comfort dà á kọ, mo fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ mi dé Àgbádárìgì, mo lọ bá Ọmọ́níyì, ọmọ Ògúnṣẹ̀yẹ ọ̀rẹ́ mi, tó di agbẹjọ́rò. Ó kà á tán, ó ń wo òógùn ara mi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wakọ̀ wá síbí yìí lẹ ń ṣàìsàn?"

Mo ní inú ìwé ni àìsàn náà wà, kò tíì dé ara.

Mo wá sọ tòótọ́ fún un: pé láti ìgbà tó o ti gbààyè wá sin ìyá rẹ, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá rẹ yẹn gbé àga kúrò nídìí rẹ, ó ní kó o máa kọ ọjà sílẹ̀ lórí ìdúró títí dalẹ́, pé ó ń rán ọ wọ yàrá yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí láìsí ẹ̀wù òtútù, tí yóò sì máa bi ọ́ níwájú oníbàárà pé ṣé ìyá tìrẹ nìkan ló kú láyé ni.

Ọmọ́níyì ní bí ọ̀gá bá sọ iṣẹ́ di ohun tí kò ṣe é fara dà, tí òṣìṣẹ́ sì torí ẹ̀ kúrò, ilé ẹjọ́ lè kà á sí pé ọ̀gá ló lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé. Ìyẹn yé mi kíá. Ọlọ́kọ̀ tó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ láàárín ọ̀sà, tó ń bu omi síbi tó o jókòó sí, bó o bá bẹ́ sómi, ta ló jù ọ́ sómi? Ṣùgbọ́n ó ní àfi kó o sọ ohun tó lé ọ. Bó o bá dúpẹ́, tó o fi àìsàn mi bò ó mọ́lẹ̀, ẹnu ara rẹ lo fi dá a láre. Ó ní kó o kọ́kọ́ kọ ẹ̀sùn sí wọn níbi iṣẹ́, kó o tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọn kò bá tún un ṣe, má pẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n má baà ní o ti gbà á mọ́ra. Bi Jẹ̀mílátù tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bóyá yóò jẹ́rìí. Kò ṣèlérí pé a ó jàre o. Ó ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ a máa le. Ó ń retí rẹ lọ́jọ́ Sátidé, kí Ajé tó dé.

Gbogbo yín lẹ rí i pé omi kò jáde lójú mi lọ́jọ́ tí a sin Àmínátù ìyá rẹ. Àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Comfort kà á dé ibi tó o ti ní bàtà kò gba ẹsẹ̀ rẹ mọ́, mo ní kó dákẹ́ ná. Mo fi etí aṣọ nu ojú.

Bó o bá fẹ́ wá tọ́jú mi, wá. Mú ọmọ dání. A ó jẹ ohun tí omi bá fún wa. Ṣùgbọ́n mo ti sin aya. N kò fẹ́ kí ọmọ mi tún máa sọ pé ibi tó ń dùn ún kò dùn ún.

Kí Ajíbọ́lá máa fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà lálaalẹ́. Bá mi kí Jẹ̀mílátù. Comfort ní òun kí ọ.

Èmi ni bàbá tìrẹ,
Dosu Mákánjú.
(Ìka mi ni mo tẹ̀ síbí.)